Òṣùmàrè Ara Àpò Kakí Bọ́lá

Ní ọdún 1959, bí àlejò bá dé Ìlọ́fà tó ní òun ń wá ẹni tó ń hun kíróṣé, ilé kan ṣoṣo ni wọ́n máa júwe fún un. Ilé Damaris ni, opó Jonah Ògúndípẹ̀. Òun nìkan ló ń ṣe iṣẹ́ náà láti Ìlọ́fà títí dé Òkè-Òpin, kò sì wù ú kí ẹlòmíràn bá òun dá sí i. Ìyàwó àlùfáà kan ní Ọ̀sì ló kọ́ ọ nígbà tó ṣì jẹ́ wúńdíá. Àwọn mẹ́jọ ni wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, àwọn méje ti padà sí ìdí ẹ̀gẹ́ àti epo wọn, Damaris nìkan ló kù lórí àpótí, tó tẹ orí kodò, tó ń fa òwú.

Abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ló ní. Jonah ló ṣe é fún un. Ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ni Jonah nígbà ayé rẹ̀. Ó yọ sípóòkù kan lára ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, ó tẹ orí rẹ̀ bí ìkọ́, ó sì ń fi òkúta lọ̀ ọ́ fún odindi ọjọ́ mẹ́ta títí ẹnu rẹ̀ ò fi ha òwú mọ́. Ó wá fi awọ wé ìdí rẹ̀ kí ó má baà máa dun ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́. Nígbà tó kú, kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ gan-an wà lẹ́yìn ilé níbẹ̀, táyà rẹ̀ ti jò, Damaris ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ahun ni Damaris tó bá dọ̀rọ̀ iṣẹ́ yìí. Nǹkan mìíràn, kò ní í fi dù ọ́. Ó lè gbé ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀ fún aládùúgbò kó sì jẹ iyọ̀ lásán sùn. Ṣùgbọ́n kíróṣé! Àwọn obìnrin a wá jókòó tì í, wọn a máa wo ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni ń wo ìdán, wọn a sì lọ sílé lọ dán an wò. Ohun tí wọ́n bá hun a ká sókè bí etí ajá. Wọn ò mọ̀ pé kì í ṣe ọwọ́ nìkan ni iṣẹ́ náà wà. Ó ní bí a ṣe ń ka ojú òwú, ibi tí a ó ti fi méjì sójú kan àti ibi tí a ó ti fi ẹyọ kan, kí ohun tí à ń hun lè tẹ́ pẹrẹsẹ. Inú ni Damaris ti ń kà á. Ètè rẹ̀ kì í mì rárá.

Bọ́lá, ọmọ kan ṣoṣo tó bí fún Jonah, pàápàá ò gbọ́ ọ rí. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni Bọ́lá nígbà náà, ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ kì í gbé jẹ́ẹ́. Ó ti bẹ ìyá rẹ̀ títí kó kọ́ òun. Ìgbà kan tí Damaris gbé abẹ́rẹ́ lé e lọ́wọ́, ó fa òwú pupa já lẹ́ẹ̀mejì, ìyá rẹ̀ sì gbà á padà kíá.

"Ọwọ́ ẹ ti wúwo jù. Lọ bá mi wo ùná nínú ulé."

Láti ọjọ́ náà, wíwò ni Bọ́lá ń wò. Yóò jókòó lórí ilẹ̀, yóò gbé àgbọ̀n lé eékún.

Ìrìn àjò ọmọ yìí ló bí òṣùmàrè. Ìbídùnní, àbúrò Jonah tó ti ń gbé ní Kàdúná fún ọdún mẹ́tàlá, ló ránṣẹ́ pé kí wọ́n fi ọmọ ẹ̀gbọ́n òun ránṣẹ́ sí òun, òun ó rán an ní ilé ìwé. Damaris fẹ́ kó lọ, kò sì fẹ́ kó lọ. Tíṣà Adéjùmọ̀, tó ń bá a kọ lẹ́tà, ní kò sí ohun tó yẹ kí wọ́n rò nínú rẹ̀, ọmọ tó mọ ìwé ló lè gbà á lọ́la. Wọ́n bá dá ọjọ́. Ìyá Olóbì, Bilikis tó máa ń kó obì lọ sí Kánò, ló gbà láti mú ọmọ náà wọ rélùwéè ní Ọ̀fà, kó sì fà á lé Ìbídùnní lọ́wọ́ ní Kàdúná bí òun ṣe ń kọjá lọ.

Wàhálà ibẹ̀ wá ni pé Ìbídùnní ò rí Bọ́lá rí. Bilikis náà ò mọ Ìbídùnní. Fọ́tò kan ṣoṣo tí wọ́n ní, ẹ̀yìn ni wọ́n pọn Bọ́lá sí nínú rẹ̀, àtàrí rẹ̀ nìkan ló hàn. Ọdún méjì ṣáájú ìgbà náà ni wọ́n fi ọmọ kan láti Òkè-Òpin ránṣẹ́ báyìí, obìnrin kan tó jọ ẹni tó ń wá ọmọ sì fà á lọ́wọ́ kúrò ní ibùdókọ̀. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi wá a kí wọ́n tó rí i. Bí Damaris bá ti rántí ọmọ yẹn, a gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Jíjẹ ò wù ú mọ́.

Ọjọ́ kan ni ìwàásù Nóà àti òṣùmàrè bọ́ sí i létí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àmì májẹ̀mú. Ó dìde níbẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ìyìn ìkẹyìn, ó gba ilé lọ. Ó ti mọ ohun tí òun ó ṣe. Òun ó hun òṣùmàrè kékeré kan, kò ní ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, òun ó sì rán an mọ́ àpò tí Bọ́lá máa gbé kọ́rùn. Sòkòtò kakí Jonah ni wọ́n fi rán àpò náà. Kò sí ọmọ mìíràn ní gbogbo rélùwéè tí irú rẹ̀ máa wà lára àpò rẹ̀.

Tíṣà ní àwọ̀ méje ni òṣùmàrè ní, ó sì kà wọ́n fún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Damaris tijú láti sọ pé ojú òun kì í rí ju mẹ́ta lọ lójú sánmà. Ó ní òwú pupa, ti ewé, àti elésè àlùkò. Bilikis bá a ra ti òfúrufú àti ti ọsàn bọ̀ láti Ìlọrin. Damaris rẹ èyí tó dà bí aró nínú ẹ̀lú, ó sì se èèpo igi òrúwọ́ láti rí àwọ̀ ìyeyè. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ló fi ṣe é. Ìlà pupa ló gbòòrò jù lókè, elésè àlùkò ló kéré jù nísàlẹ̀, ó sì tẹ́ bí ìgbà tí wọ́n fi irin lọ̀ ọ́. Nígbà tó rán an mọ́ àpò tán, ó fi ọwọ́ pa á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bọ́lá jókòó síbẹ̀, ó ń ṣa àjákù òwú tó já bọ́ sílẹ̀. Damaris ní kó kó wọn dànù.

Tíṣà kọ ọ́ sínú lẹ́tà sí Kàdúná: ọmọ tí ẹ bá rí òṣùmàrè òwú aláwọ̀ méje lára àpò kakí rẹ̀, ọmọ wa nìyẹn. Damaris sì kìlọ̀ fún Bilikis, ó tún un sọ lẹ́ẹ̀mẹ́rin, títí Bilikis fi ní àánú rẹ̀ ń ṣe òun.

"Ìyá Olóbì, obìnrin tó bá wá, tí kò bá bèèrè òṣùmàrè, má fọmọ fún un o. Kódà kó máa sunkún."

"Ìyá Bọ́lá, mo ti gbọ́. Bí kò bá dárúkọ òṣùmàrè, Kánò ni mo ń gbé ọmọ lọ."

"Ha! Má gbé e lọ sí Kánò o!"

Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n wọ lọ́rì. Bọ́lá ò sunkún. Ó gbé àpò rẹ̀ mọ́ àyà, ó dì í mú gírígírí, ojú ìta sì ni ó kọ ẹ̀yìn àpò sí. Damaris ṣàkíyèsí rẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n awakọ̀ ti ń fọn fèrè, omijé sì ti ń dí òun náà lójú. Ó dúró síbẹ̀ títí eruku fi rọlẹ̀.

Ó délé, ó ní kí òun fi iṣẹ́ pa ìrònú. Kò rí abẹ́rẹ́ rẹ̀. Ó tú apẹ̀rẹ̀ òwú sílẹ̀, ó gbọn ẹní, ó wo abẹ́ àpótí, ó wo inú ìkòkò. Kò sí. Ó pe aládùúgbò rẹ̀, ó bi í bóyá ó rí ẹni tó wọlé. Obìnrin náà bínú, ó ní ṣé òun máa fi abẹ́rẹ́ sípóòkù se ọbẹ̀ ni. Wọ́n sọ̀rọ̀ síra wọn díẹ̀. Damaris wọlé, ó jókòó, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dákẹ́ lórí itan rẹ̀. Ọmọ lọ, abẹ́rẹ́ tí bàbá ọmọ ṣe sì lọ, lọ́jọ́ kan náà. Ara rẹ̀ ò gbà á.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyẹn ọjọ́ Ìsinmi, ó wà ní ìlà kẹta nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ń kọ orin lọ́wọ́. Àbẹ̀bí, ọ̀rẹ́ Bọ́lá, gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọdé, ó gbé àpò aṣọ kékeré kan tí wọ́n fi ń kó Bíbélì kọ́ apá. Òṣùmàrè Damaris ni ó wà lára àpò náà.

Orin dá lẹ́nu rẹ̀. Ó kọ́kọ́ rò pé ojú òun ló ń ṣe òun. Ó tún wò ó: pupa lókè, ìyeyè tí òun fi òrúwọ́ se, tó ṣì ní àbàwọ́n díẹ̀ lápá òsì. Òun náà ni. Kò dúró de ìbùkún, ó fa Àbẹ̀bí lọ́wọ́ jáde sábẹ́ igi máńgòrò.

"Níbo lo ti rí èyí?"

Ọmọ náà kúnlẹ̀. "Bọ́lá ló fún mi, mà. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò jí i. Ó ní kí n má gbàgbé òun."

Damaris mọ àṣà náà. Òun náà ti ṣe é rí nígbà kékeré rẹ̀. Nínú àwọn ọmọdébìnrin àdúgbò wọn, ẹni tó bá ń lọ ọ̀nà jíjìn a fi ohun tó fẹ́ràn jù lọ sílẹ̀ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fi ohun yẹpẹrẹ sílẹ̀, wọ́n á ní kò ní padà bọ̀. Ta ló wá rántí sọ fún Bọ́lá pé tirẹ̀ yàtọ̀? Damaris sọ fún gbogbo ayé pé òṣùmàrè yìí ni wọ́n máa fi dá ọmọ mọ̀. Ó sọ fún Tíṣà, ó sọ fún Bilikis. Ó wá ń ronú bóyá ó sọ fún ọmọ náà fúnra rẹ̀, kò sì rántí ọjọ́ tó sọ ọ́.

Ìdí nìyẹn tí ó fi kọ ẹ̀yìn àpò sí ìta! Ó ń bo ibi tí ó ti tú u.

Damaris sáré lọ sí ilé Tíṣà Adéjùmọ̀. Tíṣà wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó ní rélùwéè á ti kọjá Mínà báyìí, tó bá jẹ́ pé ó tètè gbéra. Ó ní ilé ìfìwéránṣẹ́ ò ní í ṣí lónìí, kí ó sì tó ṣí lọ́la, wọ́n á ti dé Kàdúná tipẹ́.

"Kí ni wọ́n á wá ṣe, Tíṣà? Ìbídùnní ń wá òṣùmàrè. Bilikis ń retí ẹni tó máa bèèrè òṣùmàrè. Òṣùmàrè sì wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa níbí!"

Tíṣà gbé àga fún un. Ó ní kí ó jókòó, kò jókòó.

Ní ọjọ́ Ajé wọ́n tẹ tẹligíráàmù: Ṣé ọmọ ti dé. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kọjá, Ọjọ́rú kọjá, kò sí èsì. Tíṣà ní ṣọ́ọ̀bù kan ni Ìbídùnní ti ń gba lẹ́tà, bóyá kò tíì débẹ̀ ni. Bóyá. Damaris kórìíra ọ̀rọ̀ náà. Nínú ọkàn rẹ̀, ó ti rí Bọ́lá tó dúró láàárín èrò pẹ̀lú àpò kakí tí kò ní nǹkan lára, tí obìnrin kan tí òun ò mọ̀ rí sì ń na ọwọ́ sí i. Ó tún rí i ní Kánò. Ó rí i níbi tí kò lórúkọ. Gbogbo ọkọ̀ tó bá fọn fèrè, yóò sáré jáde. Oúnjẹ di ọ̀rọ̀ àfipá ṣe. Ó sì ń bínú sí ọmọ náà pẹ̀lú, ìbínú tó gbóná: ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ kì í gbé jẹ́ẹ́, ọmọ tí kò mọ iyì nǹkan, ọ̀sẹ̀ méjì iṣẹ́ òun ló fi tọrẹ bí ẹ̀pà! Ìbínú náà kì í pẹ́ kó tó tún di ẹ̀rù.

Àbẹ̀bí àti ìyá rẹ̀ gbé òṣùmàrè náà wá fún un. Kò gbà á. Ó ní kí wọ́n máa gbé e lọ, òun ò fẹ́ fojú rí i.

Ọjọ́ kẹtàlá ni Bilikis dé. Damaris wà ní ẹnu ọ̀nà nígbà tó rí i tó ń bọ̀ lókèèrè, ẹrù lórí, tó ń rẹ́rìn-ín. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀rín náà jẹ́ ẹ̀rín tòótọ́. Ọwọ́ ló na sí i.

"Ọmọ ẹ wà lọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀," ni Bilikis wí kó tó sọ ẹrù kalẹ̀. "Jókòó, Ìyá Bọ́lá. Jókòó, mo ní o jókòó. Ó wà ńbẹ̀, ó ti sanra."

Damaris jókòó sórí ilẹ̀ lásán, ó sunkún bí ọmọdé. Lẹ́yìn náà ni Bilikis rí àyè sọ ọ́. Ó ní bí àwọn ṣe wọ rélùwéè tán, Bọ́lá sún mọ́ fèrèsé, ó tú ìdí aṣọ rẹ̀, ó fa abẹ́rẹ́ ẹlẹ́nu ìkọ́ kan yọ, ó sì fa àjákù òwú yọ pẹ̀lú. Ó so àwọn àjákù òwú náà mọ́ra wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í hun.

"Mo ní kí lò ń ṣe? Ó ní òun ti fún Àbẹ̀bí ní ti tẹ́lẹ̀, òun á hun òmíràn kí a tó dé. Mo ní kó yáa ṣe é kíá, òṣùmàrè ni àǹtí rẹ̀ fi máa dá a mọ̀. Mo ní ta ló kọ́ ọ? Ó ní òun kàn wo ọwọ́ Ìyá òun ni. Ó hun ún, ó tú u. Ó hun ún, ó tú u. A dé Jẹ́bà, ó ń hun ún. A dé Mínà, mo jí, ó ń hun ún. Kí a tó wọ Kàdúná ló rán an mọ́ àpò."

"Abẹ́rẹ́ mi," ni Damaris wí. "Òun ló mú un."

"Ó ní ti bàbá òun ni."

Damaris bo ojú rẹ̀.

Bilikis ní Ìbídùnní kọjá lára àwọn lẹ́ẹ̀mejì ní ibùdókọ̀, tó ń wá òṣùmàrè aláwọ̀ méje tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Èyí tó wà lára àpò Bọ́lá, àwọ̀ mẹ́rin ló ní, ó sì rí báyìí. Bilikis ká àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn fẹ́ bu omi mu. Ó ní Bọ́lá ló gbé àpò lé orí, tó gbé e sókè gan-an, tó ń pariwo pé òṣùmàrè rè é o, títí obìnrin náà fi yíjú padà.

Damaris wo àtẹ́lẹwọ́ tó ká náà. Kò sí ẹni tó nílò láti ṣàlàyé fún un. Ọmọ náà ti rí gbogbo ohun tí ojú lè rí: bí a ṣe ń mú abẹ́rẹ́, bí a ṣe ń fa òwú, bí a ṣe ń pààrọ̀ àwọ̀. Kíkà nìkan ni kò mọ̀, nítorí inú ni ìyá rẹ̀ ti ń kà á.

Lẹ́tà tí Ìbídùnní fún Bilikis nígbà tó ń bọ̀ láti Kánò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí ọ̀ọ̀dẹ̀ Tíṣà. Ìyá Àbẹ̀bí tẹ̀ lé wọn, aládùúgbò tí wọ́n jọ jà nítorí abẹ́rẹ́ náà tẹ̀ lé wọn, obìnrin bíi márùn-ún. Tíṣà kà á sókè: Ìyàwó mi, ọmọ wa dé ní àlàáfíà. Tẹligíráàmù yín ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ mí lọ́wọ́ ni. Òṣùmàrè tí ẹ sọ ò jọ èyí tí mo rí, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọmọ sílẹ̀. Ó ní kí n bi yín pé kí ló dé tí tòun fi ń ká.

Àwọn obìnrin náà ń wo Damaris. Ọdún mélòó ni àwọn náà ti fẹ́ bi í ní ìbéèrè yẹn?

"Tíṣà, ẹ mú bébà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ìlà àkọ́kọ́, ojú mẹ́fà. Ìlà kejì, kó fi méjì sí ojú kọ̀ọ̀kan, á di méjìlá. Ìlà kẹta, méjì sójú kan, ẹyọ kan sí èyí tó tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ ni kó ṣe títí dé òpin. Ìlà kẹrin, méjì sójú kan, ẹyọ kan, ẹyọ kan. Ìlà kọ̀ọ̀kan, kó máa fi ẹyọ kan kún un. Bó bá ń ká, kò fi kún un tó. Bó bá ń ṣẹ́ pọ̀ bí etí aṣọ, ó fi kún un jù. Kó máa kà á sókè. Ẹ kọ ìyẹn dáadáa, Tíṣà. Kó máa kà á sókè."

Ohùn rẹ̀ lọ sókè, gbogbo wọn ló sì gbọ́. Ìyá Àbẹ̀bí ti ń fi ìka ka ojú mẹ́fà lórí itan rẹ̀. Damaris rí i, ó sì jẹ́ kó máa kà á.

Tíṣà gbé kálàmù sókè. "Ṣé kí n fi kún un pé ẹ kí i, pé àárò rẹ̀ ń sọ yín?"

"Tíṣà, kí lẹ rò pé mo ń sọ láti ẹ̀ẹ̀kan?"

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kejì, ó lọ sẹ́yìn ilé, ó nu eruku orí kẹ̀kẹ́ Jonah, ó sì yọ sípóòkù kan lára ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ó gbé òkúta sí ẹnu ọ̀nà, níbi tí gbogbo ènìyàn ti lè rí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ̀ ọ́.